Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Omi Ọmú: Èyí Tí Kò Tíì Jáde àti Èyí Tó Ti Jáde

Inú ọmú obìnrin pín sí ìpín bíi 15 sí 20. Ní ìdí ìpín kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe omi ọmú wà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà tín-ín-rín ti ń gbé omi náà bọ̀. Wọ́n ń pàdé ara wọn, wọ́n ń fẹ̀ sí i, títí wọ́n fi yọ sí orí ọmú. Ọ̀rá àti ẹran líle tó so ó ró ló yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn ọ̀nà yìí ni wọ́n fi sọ jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù nínú ọmú lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Wellings àti Jensen ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1970 sí 1980 fi hàn pé ìpẹ̀kun ọ̀nà náà, níbi tó ti kan ẹ̀yà tó ń ṣe omi, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì ló tẹ́ inú ọ̀nà omi ọmú. Ti inú ló kọjú sí omi. Ti òde, tó lè fúnra pọ̀, ló ń ti omi síwájú nígbà tí ọmọ bá ń mu. Lẹ́yìn méjèèjì ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tó ya ọ̀nà omi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran ọmú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ọ̀nà náà; ẹ̀yìn awọ yìí ni ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ń gbà kọjá. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tó bá bàjẹ́ nínú ọ̀nà omi kò lè dé ibòmíràn nínú ara àfi tó bá kọ́kọ́ la awọ yẹn kọjá. Awọ yìí ni ààlà tí gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn náà dá lé. Jẹjẹrẹ tó dúró sẹ́yìn ààlà kò lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Èyí tó ti kọjá rẹ̀ lè gbà á. Ohun tó tọ́ sí obìnrin tó wá gba ìtọ́jú ni kó mọ ìhà tí tirẹ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ̀n ìtọ́jú tó yẹ ẹ́ ti ń wá.

Èyí tí kò tíì jáde ni àwọn dókítà ń kọ ní DCIS. Nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ìpele inú ti kọ̀ láti gbọ́ràn sí ara lẹ́nu: wọ́n ń pín, wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń kún ọ̀nà omi, ṣùgbọ́n ìpele òde àti awọ náà ṣì dúró ṣinṣin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kà á sí ipele òdo. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò rí bákan náà. Ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n pín in sí gẹ́gẹ́ bí ìrísí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ní ìwọ̀n kìíní, sẹ́ẹ̀lì náà ṣì jọ ti ọmú tó dá pé, ó sì ń rọra dàgbà. Ní ìwọ̀n kẹta, ó tóbi, ó rí jágajàga, ó ń yára pín. Àwọn tó wà ní àárín gbùngbùn a máa kú nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kálísíọ́mù a sì máa dì síbi tí òkú sẹ́ẹ̀lì bá kó jọ sí.

Kálísíọ́mù yìí ló sọ ohun tí ọwọ́ kò lè bà di ohun tí ojú lè rí. Ní 1913, Albert Salomon, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Berlin, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọmú bíi 3,000 tí wọ́n ti gé, tó sì ya ní àwòrán ẹ́síréè. Ó kíyè sí àwọn ààmì kálísíọ́mù kéékèèké nínú àwọn kan tí jẹjẹrẹ wà. Ó tó bíi ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí Raul Leborgne, ní orílẹ̀-èdè Uruguay, tó ṣàlàyé dáadáa pé irú kálísíọ́mù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ààmì jẹjẹrẹ tí kò tíì di kókó. Láti ibẹ̀ ni mamógíráàmù, àwòrán ẹ́síréè tí wọ́n ṣe fún ọmú nìkan, ti gbilẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin fún un ní 1988. Lónìí, ẹni ọdún 50 títí dé 71 ni wọ́n ń pè ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ ìjọba mú jáde ní 2024 ni pé kí obìnrin máa ṣe é ní ọdún méjì-méjì láti ẹni 40 títí dé 74. Kí mamógíráàmù tó dé, DCIS kò tó 5 nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń rí ní Amẹ́ríkà. Nísinsìnyí, ó tó bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in ni kò ní kókó, tí kò sì sí ibi kankan tó ń dùn wọ́n.

Jẹjẹrẹ a máa jáde nígbà tí ìpele òde bá tín-ín-rín tó sì já, tí èròjà tí sẹ́ẹ̀lì àìsàn àti ẹran àyíká rẹ̀ ń tú jáde bá jẹ awọ ààlà náà ní àjẹwọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà á wá bọ́ sínú ẹran ọmú. Irú yìí ni wọ́n ń rí jù: bíi 7 sí 8 nínú 10 jẹjẹrẹ ọmú tó ti jáde. Ní 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ní kí wọ́n máa pè é ní jẹjẹrẹ tí kò ní ẹ̀yà pàtó, nítorí pé orúkọ àtijọ́ jẹ́ kó dà bíi pé ibi tó ti ṣẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Orúkọ àtijọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn dókítà.

Bó bá ti dé inú ẹran ọmú, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ọ̀kan ni ti omi ara, tó máa ń gbé e lọ sí àwọn kókó kéékèèké tó wà lábíyá, níbi tí ara ti ń ṣẹ́ ìdọ̀tí tó sì ti ń bá àrùn jà. Èkejì ni ti ẹ̀jẹ̀, tó ń gbé e lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Obìnrin lè wà láàyè láìní ọmú. Ibi tí jẹjẹrẹ náà bá lọ gbé ni ikú ti ń wá. Ìwọ̀n ìjìnnà yìí ni àwọn dókítà fi ń ka ipele láti ìkíní dé ìkẹrin. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ṣì wà nínú ọmú nìkan nígbà tí wọ́n rí i, ó lé ní 98 nínú 100 tí àìsàn náà kò pa láàárín ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tó ti dé kókó abíyá, wọ́n tó bíi 86. Nínú àwọn tó ti dé ibi jíjìnnà nínú ara, wọn kò ju bíi 30 lọ.

Ṣé gbogbo DCIS ló ń jáde bí wọ́n bá fi í sílẹ̀? Ìbéèrè yìí nira láti dáhùn, nítorí pé kò sí dókítà tó lè mọ̀ọ́mọ̀ fi aláìsàn sílẹ̀ kó máa wò ó. Ní Nashville ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Vanderbilt tún ẹran ọmú tí wọ́n ti gé fún àyẹ̀wò láyé àtijọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n rí obìnrin 28 tí DCIS ìwọ̀n kékeré wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ fún nígbà náà pé kò sí ewu, tí wọn kò sì fún ní ìtọ́jú mìíràn. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, 11 nínú wọn ló padà ní jẹjẹrẹ tó jáde, nínú ọmú kan náà, ní ìhà kan náà. Méje yọ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ti àwọn mẹ́ta kò yọ títí ó fi lé ní ogún ọdún. Àwọn 17 yòókù kò ní in ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tẹ̀lé wọn. Ohun tí èsì yìí kọ́ni ní ojú méjì: DCIS kì í ṣe ohun à-fojú-fò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2015 wo obìnrin tó lé ní 100,000 tí wọ́n ti rí DCIS lára wọn ní Amẹ́ríkà. Láàárín ogún ọdún, 3.3 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ọmú pa. Fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 35, ó tó 7.8, fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 7. Ikú wọ̀nyí kò tako ohun tí a sọ nípa ààlà. Ìtumọ̀ tó bá a mu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ti jáde níbi tí ojú kò tó, tàbí pé jẹjẹrẹ mìíràn tó ti jáde padà wá. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ sọ fún obìnrin tó ní DCIS pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ tó jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

Bí jẹjẹrẹ bá ti jáde, ààmì rẹ̀ a máa hàn ní ìta. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kókó líle tí kì í dùn, tí kì í sì yẹ̀ dáadáa bí ọwọ́ bá tì í. Awọ ọmú lè wọlé níbì kan, tàbí kó wú kó sì ní ojú wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Orí ọmú tó yọ tẹ́lẹ̀ lè fà sínú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa ti ibẹ̀ jáde. Egbò lè wà lórí ọmú tó dà bí èélá tí kò gbóògùn. Kókó lè so sí abíyá. Ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọmọdébìnrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àìdunni ló sì ń tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ. Wọ́n á ní ohun tí kò dun àwọn kò lè jẹ́ àìsàn ńlá, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó péye ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: dókítà á fi ọwọ́ yẹ ọmú àti abíyá wò, wọ́n á ya àwòrán, yálà mamógíráàmù tàbí sikáànù, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ oníhò mú ẹran díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn kan gbàgbọ́ pé bí irin bá kan kókó, ńṣe ló máa tú ká. Ìgbàgbọ́ yìí ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sílé. Àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ kì í sọ àìsàn tí ì bá sàn di èyí tí kò ní sàn. Àìṣe é ló ń mú kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọn kò mọ̀. Lára ẹran yẹn ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti jáde àti ìwọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ó ń gba họ́mọ́ọ̀nù ẹ́sítírójìn tàbí prójẹ́sítírónì láti fi dàgbà, àti bóyá èròjà tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Fún DCIS, ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gé ibi tó wà pẹ̀lú ẹran tó dá pé díẹ̀ yí i ká. Bó bá tàn káàkiri inú ọmú, wọ́n lè gé gbogbo ọmú. Ìwádìí B-17 ní Amẹ́ríkà, tí èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1993, fi hàn pé bí wọ́n bá fi ìtànṣán tọ́jú ọmú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìpadàbọ̀ àìsàn náà dín kù tó ìdajì. Kímò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ káàkiri ara, kò sí nínú ìtọ́jú DCIS, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ lépa nínú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ni bóyá gbogbo rẹ̀ nílò abẹ. Ìwádìí COMET mú obìnrin 957 tí tiwọn kì í ṣe ìwọ̀n gíga. Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, kí wọ́n sì máa fi mamógíráàmù ṣọ́ apá kejì lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èsì ọdún méjì jáde ní oṣù Kejìlá 2024: jẹjẹrẹ tó jáde jẹ́ 5.9 nínú 100 ní apá iṣẹ́ abẹ, 4.2 ní apá ìṣọ́. Ọdún méjì kéré fún àìsàn tó lè sùn fún ogún ọdún. Síbẹ̀ ìrètí wà níbẹ̀ pé a lè dá ìyà tí kò yẹ sí fún àwọn kan. Ó kàn jẹ́ pé níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi ṣọ́ni kò bá ti sí, ìṣọ́ kì í ṣe ìtọ́jú.

Fún èyí tó ti jáde, ìtàn ìtọ́jú gùn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Halsted ní Baltimore a máa gé ọmú, ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti gbogbo kókó abíyá pọ̀. Ọ̀nà yìí lò tó ìgbà ayé ènìyàn kan. Bernard Fisher ní Pittsburgh ló béèrè ẹ̀rí. Ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Èsì ogún ọdún rẹ̀ jáde ní 2002, pẹ̀lú irú rẹ̀ tí Umberto Veronesi ṣe ní Milan. Wọ́n fi hàn pé obìnrin tí wọ́n gé kókó rẹ̀ nìkan tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ń pẹ́ láyé bákan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n gé gbogbo ọmú rẹ̀, bí kókó náà kò bá tíì tóbi jù. Obìnrin tó bá bá dókítà ní kíákíá lè tipa bẹ́ẹ̀ dá ọmú rẹ̀ sí.

Oògùn náà ti yí padà. Ní 1896, George Beatson ní Glasgow ròyìn pé jẹjẹrẹ ọmú súnkì lára àwọn obìnrin tí òun gé ilé ẹyin wọn kúrò. Láti orí rẹ̀ ni òye ti wá pé họ́mọ́ọ̀nù ń bọ́ àwọn jẹjẹrẹ kan. Tamoxifen, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1977, ń dí ẹnu ọ̀nà ẹ́sítírójìn. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ń gba họ́mọ́ọ̀nù, tó sì lo oògùn náà fún ọdún márùn-ún, dín ewu pé kí àìsàn náà pa á kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Trastuzumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1998, ń dojú kọ HER2. Èyí tí kì í gba ẹ́sítírójìn tàbí prójẹ́sítírónì, tí kò sì ní HER2, ló le jù láti tọ́jú. Kímò ni òpó ìtọ́jú rẹ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni wọ́n ti ń fi oògùn tó ń jí agbára ìdáàbòbò ara kún un, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga kọjá ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ní ti ohun tó ń fà á, jíjẹ́ obìnrin àti ọjọ́ orí ló ṣíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ń ní in, bíi ẹnì kan nínú 100 aláìsàn. Nǹkan oṣù tó tètè bẹ̀rẹ̀, èyí tó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, àìbímọ tàbí pípẹ́ kí èèyàn tó bí àkọ́bí, ọtí àti sísanra lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró ń fi kún ewu. Fífún ọmọ lọ́mú ń dín in kù. Àkójọ ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30, tó jáde ní 2002, fi hàn pé oṣù méjìlá ọmú fífún kọ̀ọ̀kan ń dín ewu náà kù ní nǹkan bí 4 nínú 100. Àjogúnbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mary-Claire King fi hàn ní 1990 pé ìdí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí jíìnì BRCA1 àti BRCA2 gan-an.

Ibí ni iṣẹ́ Ìbàdàn ti wọlé. Láti 1960 ni ìlú náà ti ní ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tirẹ̀. Láti 1998 ni àwọn dókítà ibẹ̀ àti Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, ti ń wádìí jẹjẹrẹ ọmú lára àwọn obìnrin Nàìjíríà. Nínú èsì tó jáde ní 2018, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 1,136 wò, 14.7 nínú 100 ló jogún àbùkù tó ń fa ewu náà, tí BRCA1 sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ tí kì í gba họ́mọ́ọ̀nù kankan, tí kò sì ní HER2, tún pọ̀ lára obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bó ti pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ṣẹ̀ láti orísun kan.

Èyí kì í ṣe àlàyé gbogbo ikú tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ìwádìí ABC-DO tẹ̀lé àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà. Nínú èsì rẹ̀ ní 2020, 36 péré nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó wà nínú rẹ̀ ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Pípẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn wà lára ìdí rẹ̀. Níbi tí wọn kì í ti í pe obìnrin tí ara rẹ̀ dá fún mamógíráàmù, DCIS kì í sábà hàn. Ó ń kọjá láìsí ẹlẹ́rìí, títí yóò fi di kókó. Bí kókó bá wá yọ, àwọn kan á ní àfiṣe ni, wọ́n á gba ilé agbo lọ. Àwọn mìíràn á gùn orí òkè àdúrà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á gé ọmú àwọn, ọkọ á sì kọ àwọn. Àwọn kan kò ní owó, nítorí àpò ara ẹni ni owó ìtọ́jú ti ń jáde. Àwọn kan gbà pé owó tí ìyá ọlọ́jà ń fi sínú kọ́mú ló ń fà á. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí, ó kàn ń mú ẹni tí kì í fi owó sí kọ́mú rò pé òun ti bọ́ ni. Àdúrà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyẹ̀wò. Wòlíì, ààfáà àti àgbà ìdílé tó bá sọ fún obìnrin pé kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí ti ṣe ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ.

Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì béèrè nǹkan márùn-ún nípa rẹ̀: ṣé ó ti jáde kúrò nínú ọ̀nà omi, kí ni ìwọ̀n rẹ̀, ṣé ó ń gba họ́mọ́ọ̀nù, ṣé ó ní HER2, ṣé etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá kímò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Èkejì ló ń sọ bó ṣe ń yára dàgbà tó. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ló ń yan oògùn. Ẹ̀karùn-ún ló ń sọ bóyá iṣẹ́ abẹ ti tó. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ọmú méjèèjì ni wọ́n á máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí ẹni tó ti ní in rí ní ewu ju ẹni tí kò ní in lọ. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tíì tó 50, tàbí tí ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ní in, ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n lè lọ ṣe àyẹ̀wò tiwọn nígbà tí ara wọn ṣì dá.